Ìtìjú Tí Wọ́n Ń Tà Pẹ̀lú Eré Ìdárayá

Ní 2014, àwọn olùwádìí kan, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Clement Adebamowo wà lára wọn, gbé èsì iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìmọ̀ ìlera BMC Public Health. Òṣìṣẹ́ ìjọba 1,058 ni wọ́n yẹ̀ wò ní Abuja. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin, 74 ni ó ti sanra kọjá ibi tí àwọn dókítà fẹ́. Nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin, 57. Nígbà tí ìwádìí ìlera àwọn ará ilé jákèjádò Nàìjíríà, NDHS, ti 2018 jáde, obìnrin 28 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó bá ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n kà nínú ìwádìí méjèèjì kò rí bákan náà, ṣùgbọ́n àlàfo náà kò ṣe é fojú fò: àwọn tó ń jókòó sí ọ́fíìsì olú-ìlú ti fi àwọn ará ìlú yòókù sílẹ̀ jìnnà.

Ibi tí owó bá wà, tí ikùn sì wà, ọlọ́jà kì í pẹ́ débẹ̀. Ẹ wo àdúgbò Maitama ní Abuja. Òtẹ́ẹ̀lì Transcorp Hilton wà níbẹ̀ pẹ̀lú jíìmù àti adágún ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀. Millennium Park, tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ṣí ní December 2003, wà ní òdìkejì títì. Pápá gọ́ọ̀fù IBB náà wà ní àdúgbò yẹn. Ṣùgbọ́n ìpolówó tó ń lé àwọn ará ibẹ̀ kiri kò fi bẹ́ẹ̀ sí lójú títì; inú fóònù ló wà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń lo Instagram ní Nàìjíríà mọ irú rẹ̀: ikùn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan yọ, èkejì pẹlẹbẹ. Wọn á bi ọ́ bóyá aṣọ ẹbí ọdún tó kọjá ṣì gbà ọ́. Wọn á bi ọ́ bóyá ojú kò tì ọ́ láti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì létí omi nígbà tí December bá dé. Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà WhatsApp àti iye owó.

Ṣé irú ọ̀rọ̀ báyìí ń gbé èèyàn dìde ni, àbí ó ń dá ọgbẹ́ sí i lára? Ìdáhùn tó wà nílẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ń ta ko ara wọn. Ó yẹ kí a tò wọ́n kí a lè rí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lágbára àti ibi tó ti ń mẹ́hẹ.

Bí òwò náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Fífi ìtìjú ta eré ìdárayá kì í ṣe ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì mú wá. Láti àwọn ọdún 1920 ni Charles Atlas, ọmọ Ítálì tó dàgbà ní Brooklyn tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Angelo Siciliano, ti ń ta ẹ̀kọ́ ìmúlára-le nípasẹ̀ ìwé ìfìwéránṣẹ́. Ìpolówó rẹ̀ tó lókìkí jù jẹ́ àwòrán ẹ̀rín: ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò wọ̀n ju pọ́ùn 97 jókòó sétí òkun pẹ̀lú ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, gìrìpá kan wá ta iyanrìn sí i lójú, kò sì lè ṣe nǹkan kan. Ó ra ẹ̀kọ́ náà, ara rẹ̀ le, ó padà lọ lu gìrìpá. Ó yẹ kí a fi sọ́kàn pé ọkùnrin ni wọ́n ń dójú tì níbẹ̀, tínínrín rẹ̀ sì ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Èyí tí ayé ń tọ́ka sí jù ní àkókò tiwa ni ti London ní 2015. Ilé-iṣẹ́ Protein World, tó ń ta ìyẹ̀fun oúnjẹ amáratẹ́ẹ́rẹ́, lẹ pátákó aláwọ̀ òféèfèé kan mọ́ àwọn ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, obìnrin kan tó wọ bìkínì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá bóyá ara wọn ti ṣe tán fún etí òkun. Ó lé ní 70,000 èèyàn tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn mìíràn péjọ sí Hyde Park. Àjọ tó ń bójú tó ìpolówó ní Britain, ASA, gba ẹ̀sùn 378. Èsì rẹ̀ sì ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: ní July, ó ní pátákó náà kò tàbùkù ẹnikẹ́ni. Ohun tó ti fi dá a dúró ṣáájú ni pé ẹ̀rí kò tó lẹ́yìn ohun tí wọ́n sọ nípa bí oúnjẹ náà ṣe ń mú ara fúyẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà ní ariwo yẹn mú mílíọ̀nù kan pọ́ùn wọlé fún òun. Ní June 2016, Sadiq Khan, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí ìlú London, kéde pé irú ìpolówó tó ń mú ara èèyàn sú u kò ní sí nínú ọkọ̀ ìlú mọ́, títí kan bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn ọmọ Yorùbá Peckham lọ síbi iṣẹ́.

Nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, àjọ kan ní kò sí àbùkù, olórí ìlú ní àbùkù wà, ọlọ́jà ń ka owó. Gbogbo àríyànjiyàn tó kù ti wà níbẹ̀ ní kékeré.

Àwọn tó ní ìtìjú ń ṣiṣẹ́

Daniel Callahan, onímọ̀ nípa ìwà tó yẹ nínú ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, ni ó sọ èrò yìí láìfi bò ní 2013. Ó ti jẹ́ amusìgá rí. Ó ní ojú burúkú tí àwọn èèyàn fi ń wo òun wà lára ohun tó mú òun jáwọ́, agbára rẹ̀ kò sì kéré sí ti ìkìlọ̀ dókítà. Bí ìtìjú bá lè pa sìgá, kí ló dé tí kò fi lè dín ọ̀rá kù? Kò ní kí wọ́n máa bú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí àwùjọ kàn fúnni ní ìnira díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ìtùnú ti wà lọ́jà tipẹ́, èèyàn sì ń sanra sí i.

Èrò yìí kò ṣàjèjì sí etí Yorùbá. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọmọ pẹ̀lú “ikú yá ju ẹ̀sín lọ” kò nílò kí onímọ̀ kan wá sọ fún un pé ìtìjú lágbára. Àwọn olùkọ́ eré ìdárayá tó ń fi ẹnu le àwọn oníbàárà wọn gba ohun kan náà gbọ́, ọ̀pọ̀ oníbàárà ni yóò sì jẹ́rìí pé ọjọ́ tí ẹnìkan fi ikùn àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni àwọn bẹ̀rẹ̀. Kò yẹ kí a pe ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ní irọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré.

Ìwádìí kan ní Australia gbè é lẹ́sẹ̀, ó kéré tán ní ìdajì ọ̀nà. Ní 2015, Marika Tiggemann àti Mia Zaccardo fi àwòrán àwọn obìnrin tí ara wọn le han àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yunifásítì. Wọ́n fi àwòrán ìrìn-àjò han àwọn yòókù. Àwọn tó rí ara líle ní ó wu àwọn láti ṣe eré ìdárayá. Inú wọn bàjẹ́ sí ara tiwọn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìwúrí wà níbẹ̀.

Kí ni ìwúrí náà wá ṣe? Ní 2017, àwọn olùwádìí kan, tí Tiggemann wà lára wọn, gbé àwọn obìnrin dé orí ẹ̀rọ ìsáré lẹ́yìn tí wọ́n ti wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Wọn kò sáré ju àwọn tí kò wò ó lọ. Ara tiwọn ṣáà sú wọn sí i ni.

Ibí yìí ni ẹsẹ̀ àwọn elérò àkọ́kọ́ ti ń yọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ní ìtìjú “ń ṣiṣẹ́”, ohun méjì ni wọ́n ń kó pọ̀: kí èèyàn yọ owó, àti kí èèyàn yí ìgbé ayé rẹ̀ padà. Mílíọ̀nù kan pọ́ùn Protein World jẹ́ ẹ̀rí pé wọ́n ta ìyẹ̀fun. Kò jẹ́ ẹ̀rí pé ikùn ẹnikẹ́ni wọlé. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé Stefano DellaVigna àti Ulrike Malmendier fi èyí hàn gbangba ní 2006, nígbà tí wọ́n yẹ ìwé àwọn jíìmù mẹ́ta wò ní Amẹ́ríkà, tó ní oníbàárà tó lé ní 7,000. Àwọn tó ń san owó oṣù, tó lé ní dọ́là 70, kò wá ju nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóṣù. Bí a bá pín owó náà sí iye ìgbà tí wọ́n wá, ó lé ní dọ́là 17 lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ wọn ìbá fi dọ́là 10 wọlé bí wọ́n bá ra tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti ka ara wọn sí ẹni tí yóò máa wá. Jíìmù kò sì pàdánù nǹkan kan nígbà tí wọn kò wá. Ká sòótọ́, bí gbogbo wọn bá wá lọ́jọ́ kan náà, àyè kò ní gbà wọ́n.

Àfiwé sìgá náà mẹ́hẹ. Amusìgá lè ju sìgá nù kí ó sì di ẹlòmíràn lójú àwùjọ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó sanra ń gbé ohun tí wọ́n fi ń bú u kiri, ó ń gbé e wọ inú jíìmù gan-an tí wọ́n ní kí ó wá.

Àwọn tó ní ọgbẹ́ ló ń dá sílẹ̀

Lẹ́nu ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, èrò kejì yìí ni ìwé ìmọ̀ pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ jù. Rebecca Puhl ní Amẹ́ríkà ti kọ púpọ̀ lórí bí àbùkù tí wọ́n ń fi kan àwọn tó sanra ṣe ń ba ìlera wọn jẹ́. Ní 2014, Sarah Jackson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní London tẹ̀lé àgbàlagbà 2,944 ní England fún ọdún mẹ́rin. Àwọn tó ní wọ́n ti fi ìwọ̀n ara àwọn rẹ́ àwọn jẹ fi 0.95 kílò kún ohun tí wọ́n wọ̀n tẹ́lẹ̀. Àwọn tí kò ní irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ dín kù ní 0.71 kílò. Bí ìtìjú bá jẹ́ oògùn, ó yẹ kí èsì yìí yí padà.

Ní ọdún yẹn kan náà, Brenda Major àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní California fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní ìròyìn kan kà, tó sọ bí àwọn tó sanra ṣe ń pàdánù iṣẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ìpápánu kalẹ̀ síwájú wọn. Àwọn tó ka ara wọn sí ẹni tó sanra jẹ jù, wọ́n sì ní àwọn kò lágbára lórí ẹnu àwọn. Lenny Vartanian àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní 2008 pé àwọn tí wọ́n ti fi ara wọn ṣe ẹ̀sín púpọ̀ máa ń sá fún eré ìdárayá. Ní March 2020, Francesco Rubino àti ọ̀pọ̀ onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan nínú Nature Medicine, tó ní kí ilé ìwòsàn, ilé ìròyìn àti ìjọba jáwọ́ nínú fífi àbùkù kan àwọn tó sanra.

Agbára èrò yìí ni pé èsì rẹ̀ ń tọ ọ̀nà kan láti orílẹ̀-èdè mélòó kan àti nípa ọ̀nà ìwádìí tó yàtọ̀ síra. Ó tún ṣàlàyé bí ọ̀ràn náà ṣe ń rìn: ojú ń ti èèyàn, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, ó ń wá ìtura nínú oúnjẹ, ó ń sá fún ibi tí wọ́n ti lè rí ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn elérò yìí kì í fẹ́ sọ sókè. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rí wọn kò dá lé ìpolówó. Ohun tí Jackson wọ̀n ni ìrẹ́jẹ ojoojúmọ́: ní ibi iṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù, lọ́dọ̀ dókítà. Kí ọ̀gá ọ́fíìsì máa fi ẹnìkan ṣe ẹlẹ́yà fún ọdún mẹ́ta, àti kí àwòrán kan kọjá lójú fóònù ní ìṣẹ́jú àáyá méjì, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Iṣẹ́ Major sì jẹ́ ti ọjọ́ kan, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tó ọgọ́rùn-ún. Bákan náà, ẹni tó ń sanra sí i ni wọ́n lè máa fojú sí lára jù. Ìyẹn ni pé ohun tí a pè ní ìdí lè jẹ́ àyọrísí.

Àwọn tó ní ó kù sí bí a ṣe sọ ọ́

Àwọn onímọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ kò fẹ́ kí a da ìbẹ̀rù, ẹ̀bi àti ìtìjú pọ̀ sínú ìkòkò kan. Ìbẹ̀rù ń sọ pé: ewu ń bọ̀. Ẹ̀bi ń sọ pé: ohun tí o ṣe kò dára. Ìtìjú ń sọ pé: ìwọ fúnra rẹ kò dára. Kim Witte kọ ọ́ ní 1992 pé ìbẹ̀rù máa ń ṣiṣẹ́ bí a bá fi ọ̀nà àbáyọ tí apá èèyàn ká hàn án. Bí kò bá sí ọ̀nà náà, ṣe ni yóò dijú. Nígbà tí Melanie Tannenbaum àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ìwádìí tí èèyàn inú wọn lé ní 27,000 jọ ní 2015, wọ́n rí i pé ìbẹ̀rù ń yí ìwà padà lóòótọ́, pàápàá nígbà tí wọ́n bá sọ fún èèyàn pé ó lè ṣe é.

Àpẹẹrẹ ìpolongo ìjọba àti ilé ìwòsàn ló ń ran èrò yìí lọ́wọ́ jù. Ní Georgia, Amẹ́ríkà, ní 2011, ilé ìwòsàn ọmọdé kan ní Atlanta gbé àwòrán dúdú-funfun àwọn ọmọ tó sanra sórí pátákó pẹ̀lú ìkìlọ̀ kíkorò, lábẹ́ orúkọ Strong4Life. Nígbà tí Puhl ní kí àgbàlagbà tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan díwọ̀n oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ìpolongo, irú èyí ni wọ́n ní ó ń tàbùkù èèyàn jù. Èyí tó wù wọ́n láti tẹ̀lé ni èyí tó ní kí wọ́n jẹ èso àti ewébẹ̀ sí i, láìdárúkọ ìsanra rárá. Ní ìwọ̀-oòrùn Australia ẹ̀wẹ̀, ìpolongo LiveLighter ti 2012 fi ọ̀rá inú ikùn han ayé ní àwòrán tó ń kóni nírìíra, síbẹ̀ àwọn tó ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ kò rí i pé ó mú kí àbùkù pọ̀ sí i. Ọ̀rá ni wọ́n fi hàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá, wọn kò fi olóhun ṣe ẹlẹ́yà. Ní England, Sport England bẹ̀rẹ̀ This Girl Can ní January 2015: obìnrin gidi, ìsanra gidi, òógùn gidi, ẹ̀rín gidi. Àjọ náà ní obìnrin mílíọ̀nù 1.6 ló bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá nítorí rẹ̀. Àmọ́ kí a má gbàgbé pé ẹnu ẹni tó náwó sí i ni iye yẹn ti wá.

Pedro Teixeira àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi òpó kan tì í ní 2012, nígbà tí wọ́n yẹ ìwádìí 66 wò lórí ohun tó ń mú èèyàn ṣe eré ìdárayá. Ẹni tó rí ìtumọ̀ nínú rẹ̀ tètè ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń gbádùn rẹ̀ ló ń pẹ́ nídìí rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe é kí ojú má baà tì í? Èsì tirẹ̀ kò dúró sójú kan.

Àìlera èrò kẹta yìí ni pé ó rọrùn láti fẹnu sọ, ó sì ṣòro láti lò. Ọlọ́jà tó ń fi fóònù kan ṣe ìpolówó kò ní onímọ̀ tí yóò bá a ya ẹ̀bi kúrò lára ìtìjú. Àwọn ìpolongo rere tí wọ́n ń tọ́ka sí náà kò ta nǹkan kan.

Ojú ilé àti ojú fóònù

Ọ̀pọ̀ jù nínú ohun tí a ti sọ wá láti ibi tí tínínrín ti jẹ́ iyì fún obìnrin. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ náà lápá méjì. “O ti sanra o!” ṣì jẹ́ ìkíni ayọ̀ fún ìyàwó ọ̀ṣìngín àti fún ẹni tó ti ìlú òkèèrè dé. Ikùn ọ̀gá jẹ́ ẹ̀rí pé ayé ń yẹ ẹ́. Ní Calabar, àwọn Efik ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú wúńdíá kí ara rẹ̀ lè yọ kí ó tó relé ọkọ. Rírù ló ń dẹ́rù bani: láti ìgbà tí Olikoye Ransome-Kuti ti kéde ní August 1997 pé àrùn AIDS ló pa Fela àbúrò òun, ọ̀pọ̀ kò rí ẹni tó rù lójijì kí ọkàn wọn má sáré débẹ̀.

Àwọn kan ní nítorí náà ìtìjú láti inú fóònù kò lè wọlé tó bẹ́ẹ̀ níbi tí màmá ẹni ti ń yin ìsanra ẹni. Ó dà bí òótọ́, àmọ́ kò kúnjú òṣùwọ̀n. Ìgboro tó ń yin ara yíyọ náà ló ń pe èèyàn ní orobo pẹ̀lú ẹ̀rín, tó sì ń pe ẹlòmíràn ní lẹ́pa. Ìpolówó kan ń dójú ti orobo, òmíràn ń dójú ti lẹ́pa: ní 2021, BBC gbé fíìmù jáde lórí omi ìṣègùn Apetamin, tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní Britain ń mu kí ìdí wọn lè tóbi, bẹ́ẹ̀ kò ní ìwé àṣẹ níbẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀dọ́bìnrin òṣìṣẹ́ ní Maitama lè jẹ́ pé ojú méjì ló ń wò ó lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò sì fẹ́ ohun kan náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé fẹ́ kí ó lẹ́ran lára. Fóònù fẹ́ kí ó ní ìdí láìní ikùn.

Òṣèré Eniola Badmus ni àpẹẹrẹ tí tọ̀tún-tòsì ń lò. Fíìmù Jénífà ti 2008 àti Ọmọ Ghetto ti 2010 sọ òun àti ara ńlá rẹ̀ di ọ̀kan lójú olólùfẹ́ fíìmù Yorùbá. Nígbà tó fọn lẹ́yìn 2020, àwọn kan kí i kú iṣẹ́, àwọn kan ní ó ti pàdánù ohun tó mú un yàtọ̀.

Àwọn tó ní ìpolówó kọ́ ni ìṣòro

Kúkúrú ni ti àwọn wọ̀nyí, ó sì mọ́gbọ́n wá. Àjọ ìlera àgbáyé WHO ní 2020 ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Maitama lè fi ẹsẹ̀ rìn lábẹ́ igi. Ẹni tó ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì níbẹ̀ ń gbé Nyanya tàbí Mararaba tó jìnnà, inú ọkọ̀ ló sì ti ń lo wákàtí tí ìbá fi sáré. Wọ́n ní kí ìjọba ṣe ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí ó sì bu owó orí lé ọtí ẹlẹ́rìndòdò, bí Òfin Ìṣúná 2021 ṣe fi náírà 10 lé lítà kan.

Ohun tí èrò yìí kò lè dáhùn ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba 1,058 yẹn. Àwọn tó ní owó oṣù àti ìlú tí wọ́n fètò kọ́ náà ni wọ́n sanra jù.

Ta ni yóò dá wọn lẹ́kun?

Ní Abuja, pátákó tó bá fẹ́ dúró lójú títì Maitama gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọ̀nà méjì kọjá: ARCON, àjọ tó ń bójú tó ìpolówó lábẹ́ òfin 2022, tó gbapò APCON, àti DOAS, ẹ̀ka tó ń fún pátákó ní àṣẹ lábẹ́ àkóso olú-ìlú. Bí ọjà náà bá jẹ́ tíì tàbí oògùn, NAFDAC ní Wuse tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Òfin ìwà ìpolówó Nàìjíríà ní kí ìpolówó bá òfin mu, kí ó mọ́, kí ó jẹ́ òtítọ́, kí ó sì bọ̀wọ̀ fún àṣà. Láti October 2022, ARCON kò gbà kí àwọn tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà ṣe àwòṣe nínú ìpolówó. Ara tí wọ́n ń fi dójú tini ti di ti ọmọ ilẹ̀ wa báyìí. Bí ara náà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, òfin kò sọ.

Fóònù ni kò ní ẹnu ọ̀nà. Ní October 2022 ni ARCON pe Meta, tó ni Facebook àti Instagram, lẹ́jọ́ ní Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Abuja, ó sì béèrè ₦30 bílíọ̀nù nítorí ìpolówó tí kò kọ́kọ́ kọjá lọ́wọ́ rẹ̀. Instagram fúnra rẹ̀ ti ní láti September 2019 pé òun kò ní jẹ́ kí àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18 rí irú ìpolówó oúnjẹ àti oògùn amáratẹ́ẹ́rẹ́ kan. Norway gbé òfin kalẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní July 2022, pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára àwòrán ìpolówó bí wọ́n bá ti tún ara inú rẹ̀ ṣe. Ní Amẹ́ríkà, ní March 2020, àjọ FTC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, mú Teami, tó ń ta tíì tí wọ́n ní ó ń mú ara fúyẹ́, nítorí irọ́ àti nítorí àwọn gbajúmọ̀ tí kò jẹ́ kó hàn dáadáa pé wọ́n sanwó fún àwọn.

Ẹ kíyè sí ohun tó so ọ̀rọ̀ Teami mọ́ ti Protein World. Irọ́ ni òfin rí mú. Ìtìjú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ òfin líle ní ìyẹn gan-an ni àléébù tó yẹ kí a dí. Àwọn tó tako wọn ní bí àjọ kan bá ń pinnu ohun tó ń ti èèyàn lójú, kò ní pẹ́ tí dókítà kò fi ní lè sọ fún aláìsàn rẹ̀ pé ó sanra jù. Ẹ̀rù yìí pọ̀ ju ohun tó wà nílẹ̀ lọ, nítorí dókítà kì í ta ìyẹ̀fun, ṣùgbọ́n kò ṣòro láti rí ibi tó ti wá: ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ń pa èèyàn ní Nàìjíríà, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́.

Ohun tí kò tíì yanjú

Àkọ́kọ́ ni ìbéèrè ìwọ̀n. Ìrẹ́jẹ ojoojúmọ́ ń pani lára. Ìyẹn ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa. Mélòó nínú ìpalára yẹn ni ti ìpolówó? Ẹni tó ń rí ikùn pẹlẹbẹ nígbà ogójì lójúmọ́ lè ti wà nínú nǹkan tó jọ ìrẹ́jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó nǹkan. Àwọn ìwádìí tó wà ń wọn ọjọ́ kan tàbí ọdún mẹ́rin. Ohun tó wà láàárín wọn ni fóònù ń ṣe.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin. Láti ìgbà Charles Atlas ni wọ́n ti ń dójú tì wọ́n, síbẹ̀ àwọn obìnrin, pàápàá akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, ló kún inú ìwádìí. Ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òṣìṣẹ́ ọkùnrin Abuja kò yẹ kó jẹ́ ẹni àgbéjùsílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni bóyá èsì London àti California lè rìn ní ilé tí ìkíni “o ti sanra” ti ń múnú dùn. Bí ilé bá ń dáàbò bo èèyàn, ó yẹ kí ọgbẹ́ kéré níbí. Bí ojú méjèèjì bá ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó lè pọ̀ jù ti òyìnbó lọ. Àwọn olùwádìí tó wọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Abuja ti fi hàn pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe é ṣe. Ìbéèrè lórí ìtìjú kò sí lára ohun tí wọ́n lọ wọ̀n.

Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́. Láti June 2021 tí Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí Wegovy, ara lè fúyẹ́ láìjẹ́ pé èèyàn wọ jíìmù. Bí owó rẹ̀ bá já wálẹ̀ dé ibi tí òṣìṣẹ́ ìjọba lè dé, àwọn tó ń fi ikùn tajà yóò ní láti pinnu ohun mìíràn tí wọ́n á fi dójú ti oníbàárà, tàbí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dójú ti ẹni tí kò gba abẹ́rẹ́. Èwo ni yóò jẹ́ ti ARCON, NAFDAC tàbí DOAS nínú rẹ̀?